Ìyá Mi, Àwọn Ará Tọ́kì, àti Obìnrin Òdìkejì Títì

Bóyá ìyá mi nìkan ni obìnrin ní gbogbo Ifọ̀ tí ó ń gbàdúrà fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Tọ́kì. Àárọ̀ ọjọ́ Sunday ló máa ń ṣe é, nínú àsàlátù àwọn ìyá àdúgbò rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbàdúrà fún àwọn aláìsàn tán, tí wọ́n ti gbà á fún àwọn ọmọ tó ń wáṣẹ́ àti àwọn ìyàwó tó ń wojú Olúwa, yóò na ọwọ́ méjèèjì sókè, yóò ní, "Ọlọ́run Ọba, bá wa rọ ọkàn àwọn ará Tọ́kì." Àwọn ìyá yòókù, nínú híjáàbù funfun wọn, yóò dáhùn pé "Àmín" tọkàntọkàn, bí ẹni pé ojúlé kẹta sí mọ́sáláṣí ni Tọ́kì wà.

Kí ẹ má baà rò pé orí ìyá mi ti dàrú, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọmọ méjì ló ní, obìnrin sì ni wá méjèèjì. Èmi àgbà ń gbé Mówè, mo ń ta táìsì ìtẹ́lẹ̀ ilé ní Ìbàfò lẹ́gbẹ̀ẹ́ márosẹ̀. Àbúrò mi ń gbé Finlandi, ìlú tí ó tutù débi pé àwọn ènìyàn ń rìn lórí odò nígbà òtútù. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ sílé ìwé níbẹ̀, ìyá wa sì ti gba kámú láti ọjọ́ pípẹ́ pé orí fóònù ni òun yóò ti máa rí wọn.

Ó gba kámú títí di ọjọ́ tí rédíò sọ pé àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà ti wọ Yukiréènì. Ìyá mi kò mọ Yukiréènì, ṣùgbọ́n ó mọ ogun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wọṣẹ́ ṣójà nígbà ogun abẹ́lé tiwa, fọ́tò rẹ̀ nìkan ló padà wálé. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Ifọ̀, ó ní kí n pe àbúrò mi, kí n sì gbé ohùn rẹ̀ síta.

"Kín ló wà láàárín ẹ̀yin àti àwọn ará Rọ́ṣíà yẹn?"

Àbúrò mi kì í purọ́, àléébù ńlá sì ni èyí fún ẹni tí ó wà lókè òkun tí ìyá rẹ̀ wà nílé. Ó ní, "Bọ́dà ni, Màámi, ààlà ilẹ̀ ni."

"Odò ni àbí òkè?"

"Igbó ni, Màámi. Igbó lásán ni. Ó sì gùn gan-an."

Láti ọjọ́ yẹn ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́fun ìyá mi mọ́. "Máa kó àwọn ọmọ yẹn bọ̀ nílé" ló kù tó ń wí. Ó ní yàrá bàbá wa ṣófo, ó ní òun ti gbọn bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀. Àbúrò mi á máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó bá pè mí lẹ́yìn náà, kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Kò lè wá. Ìyá wa náà mọ̀ pé kò lè wá. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹni tí ẹ̀rù ọmọ bá sì ń bà, kò sí àlàyé tí ènìyàn lè ṣe fún un tí yóò wọ̀ ọ́ létí. Mo gbìyànjú, ó sú mi.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, rédíò tún sọ pé Finlandi àti Súwídìn tó múlé tì í ti kọ̀wé pé àwọn fẹ́ wọ ẹgbẹ́ ológun kan tí àwọn orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti jọ dá sílẹ̀ tipẹ́. Ìyá mi fi fóònù pè mí sí ṣọ́ọ̀bù lójijì, ohùn rẹ̀ le bíi ti ẹni tó rí oníjìbìtì mú. Ó ní kí n wá ṣàlàyé fún òun lójúkojú, pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù. Láti Mówè lọ sí Ifọ̀, ẹni tó bá wò ó lójú àwòrán ilẹ̀ á rò pé itòsí ni. Ọ̀nà Àgbàdo ni mo máa ń gbà, wọ̀ níhìn-ín, sọ̀ lọ́hùn-ún, títí ìbàdí á fi máa ro mí. Mo lọ ṣá.

Mo bá a ní ẹ̀yìn ilé, ó ń ṣa ìrẹsì Ọ̀fàdà nínú atẹ, rédíò wà lórí fèrèsé. Mo kúnlẹ̀ kí i, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n dìde dáadáa.

"Ẹgbẹ́ yẹn, kí ni iṣẹ́ wọn?"

"Wọ́n ti jọ ṣàdéhùn ni, Màámi. Ẹni tó bá kọ lu ọ̀kan nínú wọn, gbogbo wọn ló kọ lù."

"Gbogbo wọn á wá dìde?"

"Gbogbo wọn. Títí kan Amẹ́ríkà."

Ó yọ òkúta kan nínú ìrẹsì, ó jù ú nù. "Ìwọ ti rí i kí wọ́n dìde rí?"

Mo ní èmi kọ́, ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn wọn ni mo ń sọ. Ó mi orí. Ó ní tàwọn, àsàlátù àwọn, òun ti rí i kí wọ́n dìde lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n kò burú, ẹni tí kò ní bàbá á fi aládùúgbò ṣe bàbá. Kí wá ni wọ́n ń dúró dè tí wọn ò tíì gba àwọn ọmọ òun wọlé?

Mo ní gbogbo àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ náà ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá kọ̀, ẹni tó ń kanlẹ̀kùn yóò dúró síta. Àwọn méjì ló sì ń lọ́ra, Họ́ngárì àti Tọ́kì.

Kò gbọ́ ti Họ́ngárì rárá. Ó gbé atẹ sílẹ̀. "Tọ́kì? Tọ́kì tí wọ́n ti ra rọ́ọ̀gì mọ́sáláṣí wa?"

"Àwọn náà ni."

"Mùsùlùmí ni wọ́n!" Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Kí ni wọ́n ní àwọn ọmọ mi ṣe fún wọn?"

Mo ṣàlàyé bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, pé àwọn ará Tọ́kì ní àwọn tó fẹ́ wọlé yìí ń gba àwọn ọ̀tá àwọn láyè nínú ilé wọn, àwọn ọ̀tá tó ti pa àwọn ènìyàn àwọn. Ìyá mi gbọ́ ọ yéké. Ó ní ẹjọ́ wọn kò burú, ọ̀rọ̀ a-pa-ni-lẹ́kún ni. "Ṣùgbọ́n kí wọ́n forí jì wọ́n. Ó ti tó. Ènìyàn kì í bínú títí kó má jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ wọlé." Sunday tó tẹ̀ lé e ni àdúrà Tọ́kì bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ irú nǹkan tí àsàlátù yẹn jẹ́. Ẹni tó bá ń kọjá lọ lówùúrọ̀ Sunday á rò pé àwọn ìyá arúgbó ló kàn jókòó sórí ẹní tí wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà. Àwọn ló ń wẹ òkú ara wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jáde láyé, àwọn yòókù á fi ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀, wọ́n á kó búútà àti aṣọ funfun, wọ́n á sì ṣe gbogbo rẹ̀ kí àwọn ọkùnrin tó wá gbé e. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í gba ènìyàn wọlé bí ẹni ń gba èrò sínú mọ́tò. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ gbà. Mo bi ìyá mi nígbà kan pé kí ló dé tí òfin yẹn fi le tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó máa wẹ̀ ẹ́, gbogbo ohun tí o ti ń fi aṣọ bò láti kékeré ló máa rí. O ò ní lè ká ẹsẹ̀ kò. O ò ní lè sọ pé kó rọra. Ṣé ọ̀tá lo máa jẹ́ kó rí ẹ bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn sì kàn mí. Ọdún tí mo fẹ́ ọkọ mi ni mo ti ń bá a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ tí mo lọ sọ fún ìyá mi, kò sunkún, kò bú mi. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ìwọ tí mo rò pé ó máa wẹ̀ mí." Lẹ́yìn náà ló lọ gbé oúnjẹ mi wá. Kò tún mẹ́nu kàn án mọ́, ṣùgbọ́n èmi kò gbàgbé rẹ̀. Ọmọbìnrin méjì ló bí, ọ̀kan wà nínú yìnyín, èkejì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìyá àsàlátù yẹn ló kù tó gbójú lé.

Obìnrin òdìkejì títì ló wá da omi sí i. Agége ló ti kó wá lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, ó ń kọ́ ilé alájà kan síwájú ilé wa gan-an. Opó ni, ọjọ́ orí òun àti ìyá mi kò jìnnà síra. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni pé wọn yóò dọ̀rẹ́, wọ́n tilẹ̀ máa ń jọ lọ ra epo. Ọjọ́ kẹjọ ikú bàbá mi, ṣáájú ogun Yukiréènì yìí, ló bà á jẹ́. A ti ta ìbòrí sí iwájú ilé, àáfà ti jókòó, fìdáù ti bẹ̀rẹ̀. Ní òdìkejì, míkísà kọnkéré ń ké bí ẹran tí wọ́n fẹ́ pa. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn bíríkìlà obìnrin yìí ń da dẹ́kìn, ìyẹn àjà kọnkéré tó máa bo ilé rẹ̀. Àáfà gbé ohùn sókè, míkísà náà gbé tirẹ̀. Ìyá mi rán ènìyàn lọ bẹ̀ wọ́n, ariwo ò dáwọ́ dúró. Nígbà tó yá, ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn, kò sì jáde títí àwọn àlejò fi lọ. Mi ò rí i kí ó sunkún bẹ́ẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tí bàbá mi kú pàápàá.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà wá. Ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà wa tòun ti àgbà. Ìyá mi jókòó, ó ń ka tẹ̀sùbáà lọ, kò dá a lóhùn. Obìnrin náà kúnlẹ̀ títí, ó dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀, ó lọ. Láti ìgbà náà, bí ọ̀kan bá ń bọ̀ láti òkè, èkejì á gba ìsàlẹ̀.

Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mo ń bá jẹun, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í da dẹ́kìn kò gbọdọ̀ dá a dúró lágbede méjì. Ibi tí ó bá dúró sí ni yóò sán, ibẹ̀ ni omi yóò ti máa wọlé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá mi nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ó ní, "Nítorí kí dẹ́kìn má baà sán, kí ọkàn mi sán?" Mo kó bàtà mi, mo padà sí Mówè.

Àárín ìgbà tí a ń dúró de àwọn ará Tọ́kì yìí ni obìnrin náà lọ bá Ìyá Àdínì, olórí wọn, pé òun fẹ́ máa bá wọn ṣe àsàlátù. Ìyá Àdínì gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú gbogbo wọn. Gbogbo wọn gbà. Ìyá mi ní òun kò gbà. Wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n tún gbé e wá nígbà mìíràn, ìyá mi tún ní òun kò gbà. Kò pariwo, kò ṣàlàyé. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sókè, tó ní kí Ọlọ́run rọ ọkàn àwọn ará Tọ́kì.

Mi ò mọ gbogbo èyí títí obìnrin náà fi pè mí lọ́jọ́ kan tí mo ń sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ àjà rẹ̀, ó ń na ẹsẹ̀ tí ó wú. Mo kúnlẹ̀ kí i.

Ó ní, "Ẹ bá mi bẹ ìyá yín kí wọ́n jẹ́ kí n wọ àsàlátù."

Mo ní, "Mà, ṣé nítorí míkísà ọjọ́ yẹn ni?"

"Ẹ má jẹ́ ká sọ ti míkísà. Ọkùnrin ni gbogbo ọmọ mi, wọn ò sì sí nítòsí. Mi ò ní ọmọbìnrin. Àwọn tí a jọ ń ṣe àsàlátù l'Ágége, òmíràn ti kú, òmíràn ò lè rìn mọ́." Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Dókítà ti sọ ti ọkàn mi fún mi. Mi ò bẹ̀rù ikú. Ẹni tó máa wẹ̀ mí ni mò ń wá. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ háyà àwọn tí mi ò mọ̀ rí."

Bó ṣe sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yẹn ló dùn mí jù. Mo wọlé bá ìyá mi, mo ń gbóná. Mo sọ ohun tí obìnrin náà wí, mo tún fi tèmi kún un. Ìyá mi ń wò mí bí ẹni ń wo tẹlifísọ̀n tí kò ní ohùn. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ìwọ tí o kì í ṣe mùsùlùmí mọ́, kí ló kàn ẹ́ nínú àsàlátù wa?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. N ò jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Àbúrò mi ni kò mọ ọ̀rọ̀ pa mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un kí n lè rí ẹni bá bínú. Nígbà tí ó pe ìyá wa lọ́sẹ̀ kejì, èmi àti Ìyá Àdínì wà níjókòó, fóònù sì wà lórí àga, ohùn rẹ̀ ń jáde síta fún gbogbo ilé. Ìyá mi ń ròyìn fún un bí wọ́n ṣe gbàdúrà tó lánàá, pé kò ní í pẹ́ mọ́, pé àwọn ará Tọ́kì á yí padà.

Àbúrò mi ní, "Màámi, ẹ ṣeun. Ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ gbàdúrà fún wà nílé yín. Ẹ̀yin gan-an ni Tọ́kì."

Mo gbọ́ tí ewúrẹ́ ń fara ha ògiri níta.

"Kín lo wí?"

"Mo ní gbogbo ẹgbẹ́ ti gba Ìyá òdìkejì, ẹ̀yin nìkan lẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìyẹn náà ni Tọ́kì ń ṣe fún wa níbí. Àwọn náà ń sọ pé ẹjọ́ wọn ò burú."

Ìyá Àdínì bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè rẹ̀ ṣe, gèlè tí kò bàjẹ́. Ìyá mi tẹ fóònù pa. Ó bi mí bóyá èmi ni mo kọ́ ọmọ náà ní ohun tó máa sọ. Mo ní rárá, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n inú mi dùn, ojú sì ń tì mí pé inú mi dùn. Láti Sunday yẹn, kò sí àdúrà Tọ́kì mọ́. Àwọn ìyá yòókù á dúró dè é lẹ́yìn àdúrà àwọn tó ń wáṣẹ́, ìyá mi á kàn fọwọ́ pa ojú rẹ̀. Àbúrò mi ń pè, kì í gbé e. Gbogbo ìgbà òtútù wọn lọ́hùn-ún ni wọ́n kò fi bára wọn sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo rò pé a ti bà á jẹ́ kọjá àtúnṣe.

Inú ààwẹ̀ Rámádáànì ni ìròyìn náà dé. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, mo wà ní Ifọ̀ nítorí mo máa ń gbé dàbínù àti ṣúgà lọ fún un lásìkò ààwẹ̀. A ń retí kí oòrùn wọ̀. Ọ̀gì ti jinná, àkàrà wà nínú abọ́ tí a fi bébà bò. Rédíò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Tọ́kì ti fọwọ́ sí i kí Finlandi wọlé, pé Họ́ngárì náà ti gbà ṣáájú wọn, pé Súwídìn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo wo ìyá mi. Kò pariwo Àláhù Ákíbárù gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rò. Omijé kàn ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún.

Ó ní, "Wọ́n gbà."

"Wọ́n gbà, Màámi."

"Wọ́n sì láwọn ní ẹjọ́." Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gbé abọ́ àkàrà, ó ní kí n gbé ìkòkò ọ̀gì tẹ̀ lé òun. Mo rò pé mọ́sáláṣí ni a ń lọ. A dá títì kọjá.

Obìnrin náà nìkan ló wà nínú pálọ̀ rẹ̀, ife omi kan wà níwájú rẹ̀ tí ó fẹ́ fi ṣínu. Nígbà tó rí wa, ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́. Ìyá mi gbé àkàrà sórí tábìlì. Kò kí i. Ó gbójú sókè wo àjà.

Ó ní, "Kọnkéré yẹn, ṣé ó ti gbẹ?"

Obìnrin náà wò ó. "Ó ti gbẹ, Àlàájà. Ó kàn ń jò ni."

Èmi tí mo ń ta táìsì gbójú sókè. Mo rí i. Ìlà kan sán láti ògiri dé ògiri, àbàwọ́n omi sì tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo mọ ohun tí ó máa ń fà á. Mo ní, "Mà, wọ́n dá iṣẹ́ dúró níbí."

"Èmi ni mo ní kí wọ́n dá a dúró," ni obìnrin náà wí. "Nígbà tí ìránṣẹ́ yín dé. Bíríkìlà ní ó máa bàjẹ́, mo ní kó bàjẹ́. A jọ ń jà á, kó tó pa ẹ̀rọ náà, wọ́n ní àdúrà ti parí, ẹ ti wọlé lọ."

Ìyá mi kò yé wo àjà. "Ẹ ò sì sọ."

"Mo wá sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹ ò dá mi lóhùn."

Wọ́n pe ìrun ní mọ́sáláṣí. Ìyá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó yọ dàbínù méjì lápò, nínú èyí tí mo mú wá, ó fi ọ̀kan sí i lọ́wọ́. Wọ́n jọ ṣínu. Èmi tí mi ò gbààwẹ̀ bu ọ̀gì fún wọn, mo sì lọ dúró síta, nítorí mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú wọn máa sunkún, mi ò sì fẹ́ mọ èyí tí yóò jẹ́.

Sunday tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbà á wọlé. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni wọ́n gba Finlandi, àbúrò mi sì fi fídíò ránṣẹ́, àsíá Finlandi ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí òpó láàárín àwọn àsíá àwọn ìyókù. Ìyá mi fi han gbogbo àsàlátù. Ó ní, "Èyí tó jẹ́ búlúù àti funfun yẹn ni tiwa."

Wọn kò di ọ̀rẹ́ olóyinmọmọ, àwọn méjèèjì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń jà lórí iyọ̀ inú ọbẹ̀, wọ́n ń jà lórí ẹni tó ka tẹ̀sùbáà yára jù. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé tí mi ò bá ìyá mi nílé, mo mọ ibi tí mo máa wò. Wọ́n jọ ń gbàdúrà fún Súwídìn títí ìyẹn náà fi wọlé. Mo gbọ́ tí ìyá mi sọ fún un lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń fi òróró pa ẹsẹ̀ tó wú yẹn, pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi gan-an ni mo máa wẹ̀ yín. Mi ò ní jẹ́ kí omi tútù kàn yín." Gbogbo wa ló gbà pé obìnrin náà ni yóò ṣáájú lọ. Dókítà ti sọ ti ọkàn rẹ̀. Ìyá mi kò tilẹ̀ mọ ohun tí à ń pè ní orí fífọ́.

Nígbà òjò ọdún tó kọjá, Ìyá Àdínì pè mí ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí n máa bọ̀. Ìyá mi ti kírun àárọ̀, ó jókòó sórí ẹní rẹ̀, kò sì dìde mọ́. Òjò ń rọ̀ láti Ìbàfò títí dé Àgbàdo, mọ́tò kò lọ, mo ń bẹ dírẹ́bà, mo ń bẹ Ọlọ́run, mi ò tilẹ̀ mọ ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nígbà tí ohun gbogbo ti parí. Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́. Mo mọ̀ pé wọn ò ní lè dúró de àbúrò mi, bóyá wọn ò tilẹ̀ ní lè dúró dè mí.

Nígbà tí mo dé, gbogbo àsàlátù ti dé. Òjò ti mú híjáàbù funfun wọn lẹ̀ mọ́ wọn lára. Ẹni tí kò lè rìn dáadáa ti rìn, ẹni tó ń ta ọjà ti pa á tì. Mo rántí ìbéèrè ìyá mi lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ tí ó ń ṣa ìrẹsì. Èmi náà ti wá rí i kí wọ́n dìde. Wọ́n jẹ́ kí n wọlé wo ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni Ìyá Àdínì dì mí lápá mú, ó ní kí n lọ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí n má bínú. Mi ò bínú. Mo fara ti ògiri pẹ̀lú síkáàfù ṣọ́ọ̀ṣì lórí mi, mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà lára ìyá mi, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ibẹ̀ ni mo wà tí àbúrò mi pè. Ó ti sunkún títí ohùn rẹ̀ ti há. Kò béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ta ló ń wẹ Màámi?"

Ilẹ̀kùn ṣí. Obìnrin òdìkejì títì ló jáde, apá aṣọ rẹ̀ tutù dé ìgúnpá, ó di búútà mú. Mo gbé fóònù sí i létí. Ó gbọ́ ìbéèrè náà, ó ní, "Èmi ni, ọmọ mi. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo lò. Mo rọra."

Ó dá fóònù padà fún mi. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, ojú rẹ̀ le bí ìgbà tí wọ́n ń jà lórí iyọ̀.

Ó ní, "Àlàájà tàn mí jẹ. Wọ́n ní àwọn ni wọ́n máa wẹ̀ mí."

Mo gba búútà òfìfo náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì dì í mú títí wọ́n fi gbé ìyá mi jáde.